Mo Ti Fojú Mi Rí Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Kí Bàbá Àgbà tó kéde orúkọ agbábọ́ọ̀lù kankan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ wo ẹsẹ̀ ẹni náà. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, bó bá ti kírun àsùbáà tán, á ti ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, á máa kan ilẹ̀kùn kiri láti Ẹgbẹ́dá dé ẹ̀yìn Gowon Estate. Wọ́n á ní kó jókòó, kò ní jókòó. Wọ́n á gbé omi fún un, á ní òun ti mu. Á ní kí agbábọ́ọ̀lù náà bọ́ síta, kó fò lẹ́ẹ̀mejì, kó fi ẹsẹ̀ kan dúró, kó fi èkejì dúró. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bí ẹni tó fẹ́ ra ìbẹ́pẹ. Ìgbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ló máa padà sílé wá gbé gbohùngbohùn rẹ̀.

Ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì. "Ẹ̀yin èèyàn mi, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni o. Ọmọ Ìyá Sáídì tó ń ta àgbo ló máa ṣọ́ gólì fún wa. Mo ti fojú mi rí ẹsẹ̀ rẹ̀." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn làwọn èèyàn máa ń dúró gbọ́. Bí kò bá sọ ọ́ mọ́ orúkọ ẹnì kan, wọ́n á ti mọ̀ pé ara ẹni náà ò yá, kò sì sí ẹni tó máa bá Tíṣà, olùdarí eré, jà tí wọn ò bá rí i lórí pápá.

Bàbá Àgbà ti kú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ló yìn ín, bí wọ́n bá sì ti yìn ín tán, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní irọ́ kan ṣoṣo ni Búsàrí ṣúmẹ́kà pa láyé rẹ̀, irọ́ ọ̀hún ló sì pa èèyàn. Èmi jókòó sáàárín wọn, mo dorí kodò. Ìdajì irọ́ yẹn nìkan ló jẹ́ tirẹ̀. Mo mọ ẹni tó ni ìdajì kejì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò fẹ́ ka ọdún tó lò láyé fún ẹnikẹ́ni.

Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Èkó. Bàtà ló ń tún ṣe, lábẹ́ páànù kan lẹ́bàá ọ̀nà Ẹgbẹ́dá sí Ìdìmú, níbi tí eruku ti máa ń bà lé irun àgbọ̀n rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìkéde kì í ṣe iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ. Bàtà àwọn ọmọ àdúgbò tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló fi bẹ̀rẹ̀. Á rán an, á lẹ̀ ẹ́, lọ́jọ́ tó wá tẹ̀ lé wọn lọ sí pápá, èèyàn mọ́kànlá ló bá níbẹ̀ tó ń wòran, méjì nínú wọn sì ń sùn. Ó ní òun ò lè máa rán bàtà tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Kò pẹ́ sígbà náà ló wá gbohùngbohùn alòkù kan rà, funfun, tí ẹnu rẹ̀ rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo.

Inú aṣọ ìkírun àtijọ́ kan ló máa ń wé e sí. Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ tó tọ́ dàgbà nínú ilé rẹ̀, tí mò ń fọ aṣọ rẹ̀, tí mo mọ ibi tó ń fi gbogbo nǹkan pamọ́ sí, mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan gbohùngbohùn yẹn. Lọ́jọ́ kan tó lọ kírun, mo gbé e, mo tan án, mo sì fi pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọjá. Bàbá Àgbà bá mi lẹ́nu ẹ̀. Kò nà mí, kò sì pariwo. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wé e padà, ó ní, "Àṣàkẹ́, ohun tó bá ń sọ ohùn èèyàn di ńlá, á sọ àṣìṣe rẹ̀ náà di ńlá."

Bàbá Àgbà ò lọ síléèwé. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́rin kọ́ mi ní Poli nípa bí a ṣe ń pe èrò sí eré ìdárayá, ẹsẹ̀ lásán lòun fi rìn kọ́ ọ. Ó ní oríṣi òǹwòran mẹ́ta ló wà. Àwọn kan wà tí bọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn yẹn ò nílò ìkéde, bí o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọ́n á gba ojú fèrèsé. Àwọn kan ń bọ̀ torí pé ẹni tí wọ́n mọ̀ ló fẹ́ gbá a. Àwọn tó pọ̀ jù ń bọ̀ kí wọ́n má bàa jẹ́ ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Torí náà, kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà níbi méjì. Tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, á ní àwọn ará Ìgàndó ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láti àná, ṣé a máa wò wọ́n bẹ́ẹ̀ ni? Tó bá dé ṣọ́ọ̀bù onídìrí, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin ìyàwó, ọmọ tí ẹ jọ sọ lórúkọ níjọ́sí, òun ló ti dé ẹnu gólì yìí o. Ẹ ò ní wá wò ó ni?" Ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kì í tan ẹ̀rọ náà rárá. Á dúró síbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà, á máa sọ ọ́ sétí ẹnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, á dúró de àwọn onígbàgbọ́ títí wọ́n á fi jáde, kò jẹ́ pariwo bo ìwàásù ẹnikẹ́ni. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yí gbogbo àdúgbò ká, kó tètè wá sílé wá sinmi. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo bàtà tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ó ní, "Ẹni tó bá fi ẹnu kan ṣoṣo pe gbogbo ayé, kò pe ẹnì kankan."

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí wọ́n nà wá ní márùn-ún sí òdo. Ojú ti gbogbo wa. Mo ní kó sinmi gbohùngbohùn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn èèyàn gbàgbé. Mọ́ńdè ọjọ́ kejì gan-an ló jáde. Mo tẹ̀ lé e, mò ń fi ìborùn bojú. "Wọ́n nà wá o," ló ń kéde. "Márùn-ún sí òdo. Ọmọ Ìyá Sáídì mú mẹ́ta tó yẹ kó wọlé, ẹ bá mi kí i. Ẹ̀yin tí ẹ dúró títí fèrè fi dún, mo rí yín, ẹ ṣé." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tó dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó gbọ́ orúkọ wọn yọ sí ojú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé àwọn ló gba ife. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èrò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ìṣẹ́gun lò ń tà, ọjọ́ tí ọjà ò bá sí ńkọ́?"

Mò ń gbà á níyànjú bí ẹni tó gbọ́n. Mo ti ka ìwé, mo ti mọ orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń pe gbogbo nǹkan. Lọ́jọ́ kan, mo kọ ìkéde kan fún un sórí páálí pé kó máa sọ pé ìdíje tó tóbi jù lọ ní gbogbo Alimosho ti dé. Ó ní kí n kà á fún òun, mo kà á. Ó ní, "Ta ló wọ̀n ọ́n?" Mo ní kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà nìyẹn. Ó gbé páálí náà, ó gé e, ó sì fi tẹ́ inú bàtà oníbàtà. Inú bí mi débi pé mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ìjà rẹ̀ tó gùn jù ni ti Sàmú, ẹni tó ni ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù òkè òkun, nítòsí páànù rẹ̀. Lójú Sàmú, olè ni Bàbá Àgbà, torí pé bí eré bá ti dé ìdajì, tí àwọn èèyàn bá jáde wá gba atẹ́gùn, wọ́n á bá a lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gbohùngbohùn. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí èmi náà jẹun jàre!" ni Sàmú pariwo lọ́jọ́ kan, omi tí wọ́n fi fọ ife sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á sí i lẹ́sẹ̀. "Àbí ọ̀dọ̀ mi nìkan lẹ ti rí èèyàn ní gbogbo Ẹgbẹ́dá?" Bàbá Àgbà gbọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Sàmú, mi ò gba èrò lọ́wọ́ ẹ. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń wò lọ́dọ̀ ẹ, mo kàn ń rán wọn létí pé wọ́n ní tiwọn nílé ni." Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò kí ara wọn mọ́, àmọ́ tí iléyá bá dé, ẹran máa dé ilé Sàmú, tó bá sì di Kérésì, ìrẹsì Sàmú máa dé ilé wa.

Àṣírí ọ̀rọ̀ yẹn ló wá kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí: èèyàn ò wo bọ́ọ̀lù, èèyàn ni èèyàn ń wò. Mo wà ní ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wá òǹwòran. Tí àwọn ọmọdé abẹ́ mi bá ti kọ ìkéde tó ní asọdùn nínú, mo máa ń bi wọ́n pé, "Ta ló wọ̀n ọ́n?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọgbọ́n ọ̀gá pọ̀. Ojú máa ń tì mí. Èmi tí mò ń bi wọ́n ló sọ ohun tí kò rí fún Bàbá Àgbà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Tíṣà, ọmọ Èkìtì kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ló ń darí ìdíje àdúgbò tí wọ́n máa ń gbá ní gbogbo ìgbà ọyẹ́. Lọ́dún yẹn, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu rán àwọn méjì wá wo ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Wọ́n fẹ́ gba ìdíje náà sábẹ́ apá wọn, kí wọ́n tún pápá ṣe, kí wọ́n mọ ibi ìjókòó sí i, kí wọ́n sì lẹ orúkọ wọn mọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù ńlá kan wà ní òkè òkun, gbogbo ayé sì wà nílé Sàmú. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n sọ fún Tíṣà pé àwọn máa padà wá lọ́jọ́ àṣekágbá, bí pápá ò bá kún, kò ní sí ọ̀rọ̀ mọ́.

Tíṣà wá bá wa lábẹ́ páànù. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kù. Tí àwọn èèyàn yìí bá lọ, ìdíje yìí ti kú nìyẹn."

Bàbá Àgbà fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú láti bí ọjọ́ mẹ́ta, kò lè rìn jìnnà. Tíṣà wá dárúkọ Tájù. Ọmọ ojúlé kẹta sí tiwa ni Tájù, Bàbá Àgbà ló rán bàtà bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó wọ̀. Ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní òkè òkun nígbà náà, a sì gbọ́ pé ó ti wálé wá kí ìyá rẹ̀ ní ilé tó kọ́ fún un ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Tó bá lè yọjú, kó fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré, ilẹ̀ ò ní gba èrò.

"Àṣàkẹ́," ni Bàbá Àgbà wí, "lọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ wá fún mi." Kò rán ẹnikẹ́ni nírú iṣẹ́ yẹn rí.

Mo lọ. Ẹnu géètì ni mo dé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ló jáde sí mi, ó ní Tájù ò sí nílé, ó wà ní Erékùṣù lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn ò mọ ìgbà tó máa dé. Mo ní ṣé ó máa wá síbi àṣekágbá ṣá? Ó ní, "Mi ò mọ̀ o, àǹtí. Kò sọ nǹkan kan fún wa." Ó ti géètì.

Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ohun tí mo rò kò ju pé kí pápá kún. Tí pápá bá ti kún, tí àwọn oníléeṣẹ́ bá ti rí i, wọ́n á buwọ́ lùwé. Tí Tájù ò bá wá, àwọn èèyàn á kùn, wọ́n á gbàgbé kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì. Mo rò pé mo mọ èrò. Mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé, mo sì sọ fún Bàbá Àgbà pé Tájù ń bọ̀.

"O rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

"O rí ẹsẹ̀ rẹ̀?"

"Mo rí i. Ó fò lẹ́ẹ̀mejì."

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ yẹn ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fò fún òun. Ó ní kí n bá òun gbé gbohùngbohùn wá. Ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ torí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì yí gbogbo ibi tó máa ń dé ká. "Tájù wa ti dé! Ó máa wà lórí pápá lọ́la. Mo ti fojú mi rí ẹsẹ̀ rẹ̀." Níwájú ṣọ́ọ̀bù Wàsíù kafíńtà, ó dúró pẹ́ díẹ̀. Wàsíù kì í wá sí pápá. Pátákó àti ayùn nìkan ló mọ̀, àti ìyàwó rẹ̀ tó bí ìbejì fún un. Ó gbé orí sókè níbi tó ti ń gbẹ́ igi, ó ní, "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni? Ẹ̀yin lẹ rí i?" Bàbá Àgbà ní òun ni. Wàsíù ní ó dáa, òun máa wá wo ọmọ àdúgbò, kí òun rí nǹkan sọ fún àwọn ìbejì tí wọ́n bá dàgbà.

Pápá kún. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Àwọn oníléeṣẹ́ ń ya fọ́tò, Tíṣà ń gbọn ọwọ́ gbogbo èèyàn, èmi náà ń rẹ́rìn-ín káàkiri bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ìdajì àkọ́kọ́ parí, Tájù ò dé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè rẹ̀. Ìgbà tí ìdajì kejì ti wọra, ọkọ̀ aláfẹ́ kan tí gíláàsì rẹ̀ dúdú yà wọ ẹ̀gbẹ́ pápá. Ẹnì kan ké pé, "Tájù ti dé!" Gbogbo èrò dà síbẹ̀. Àwọn tí kò ríbi gbà gun ògiri búlọ́ọ̀kù tó yí ẹ̀yìn pápá ká, wọ́n ń fa ara wọn lọ́wọ́ sókè. Ògiri náà kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn náà, ó wó lulẹ̀ lé àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ọ̀gá àwọn oníléeṣẹ́ ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Èèyàn mẹ́fà fara pa. Wàsíù wà lábẹ́ ibi tó wúwo jù. Tíṣà àti àwọn agbábọ́ọ̀lù ló fi ọwọ́ gbé búlọ́ọ̀kù kúrò lórí rẹ̀, wọ́n gbé e lọ, àmọ́ ẹ̀mí rẹ̀ ò dé ilé ìwòsàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a sin ín. Àwọn oníléeṣẹ́ ò padà wá mọ́, ìdíje náà sì parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Àgbà gbé gbohùngbohùn. Kò gba kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọ bàtà, ó fi aṣọ wé e, ó sì ń rìn. Mo tẹ̀ lé e. Ibi méje ló ti máa ń kéde, ó dúró níbi méjèèje. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ níbi gbogbo, òun tí kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà níbi méjì. "Èmi Búsàrí ṣúmẹ́kà ni. Mo ní mo fojú mi rí ẹsẹ̀ Tájù. Mi ò rí i. Wàsíù kafíńtà ti kú. Ẹ má gba ìkéde mi gbọ́ mọ́." Níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí, obìnrin kan bú sẹ́kún. Lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, wọ́n ní kó máa lọ sílé, ẹnì kan sì ṣépè fún un. Nígbà tó dé iwájú ilé Sàmú, ariwo jẹnẹrétọ̀ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Sàmú jáde, ó wò ó. Ó wọlé padà, ó pa jẹnẹrétọ̀ náà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn, títí Bàbá Àgbà fi sọ tirẹ̀ tán.

Ojú ọ̀nà ilé ni mo ti di agbádá rẹ̀ mú. Mò ń sunkún. Mo ní, "Bàbá, mi ò dé ọ̀dọ̀ Tájù. Èmi ni mo parọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n padà lọ sọ fún wọn."

"Mo ti mọ̀," ló wí. "Mo mọ̀ láti ìgbà tí ìdajì eré ti dé." Ó dúró kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sinmi. "Ojú mi ni mo fi búra, Àṣàkẹ́. Mi ò sọ pé ojú ẹ ni mo fi rí i."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ṣá."

"Kí lo fẹ́ fi sọ ọ́? O ò ní gbohùngbohùn."

Ó wé e sínú aṣọ ìkírun, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì kéde mọ́ títí tó fi kú. Ó yẹ kí n lọ sọ ọ́ láìní gbohùngbohùn, ẹnu mi ò ní àìsàn kankan. Mi ò lọ. Mo parí ìwé mi, mo ríṣẹ́, mo sì ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti tán lára rẹ̀.

Bàbá Àgbà ní tirẹ̀ ò jẹ́ kó tán. Nígbàkigbà tí iléèwé bá fẹ́ wọlé, á lọ sílé Ìyá Ìbejì, opó Wàsíù, láti lọ tún bàtà àwọn ìbejì náà ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bàbá Àgbà jókòó sórí àtẹ̀gùn títí ọ̀sán fi pọ́n, ó wálé. Nígbà tó padà lọ, ó bá bàtà kéékèèké mẹ́rin lórí àtẹ̀gùn. Ó kó wọn, ó tún wọn ṣe, ó dá wọn padà síbi tó ti kó wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọdún mélòó kan, obìnrin náà ò bá a sọ̀rọ̀, òun náà ò kanlẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ àwọn ìbejì ń tóbi, a sì ń fi bàtà wọn mọ ọjọ́ orí wọn. Àfi lọ́jọ́ kan tó wálé, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, tí kò bọ́ fìlà. Ó ní, "Ó sọ̀rọ̀ lónìí. Ó ní kí n jókòó."

Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì kó tó kú. Ohùn tí gbogbo Ẹgbẹ́dá ń gbọ́ ti di èyí tí mo ní láti tẹ etí sí kí n tó gbọ́. Ó nawọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ìwọ ni mo fún." Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ. Mo ní kó sinmi. Ó ní, "Bátìrì rẹ̀ ti kú. Wàá ra òmíràn."

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo bá Ìyá Ìbejì lẹ́yìn ilé, ó ń fọ ọwọ́. Ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Ó ní, "Bàbá yín ṣe é tán. Irọ́ kan ṣoṣo ló pa, ọkọ mi ló pa á fún, àmọ́ mo ti dárí jì í nítorí àwọn ọmọ mi." Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, géètì, àbúrò Tájù, àti pé èmi ni mo ní ó fò lẹ́ẹ̀mejì.

Ó yí padà sí mi. Omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni bàbá yẹn ń tún bàtà fún láti ìgbà yìí," ló wí. "Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà?"

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde," ló wí. "Má sọ ọ́ fún èmi nìkan. Òun ò sọ ọ́ fún èmi nìkan."

Àná ni mo ra bátìrì. Mo tú aṣọ ìkírun náà, ẹ̀rọ náà ti pupa lára, àmọ́ ó ṣì ń dún. Níwájú ibi tí ṣọ́ọ̀bù Wàsíù wà tẹ́lẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo gbé e sẹ́nu. "Èmi Àṣàkẹ́ ni, ọmọ ọmọ Búsàrí ṣúmẹ́kà. Bàbá mi sọ fún yín pé òun ò rí ẹsẹ̀ Tájù. Òótọ́ ló sọ. Kò sọ orúkọ ẹni tó rán lọ wò ó. Èmi ni. Mo ní mo rí i. Mi ò rí i."

Àwọn ọ̀dọ́ náà wò mí, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Fọkanáísà àgbàlagbà kan tó wà lódìkejì títì dìde, ó ṣí fìlà. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo sì ń lọ, torí ibi mẹ́fà ló kù.